Ìdánwò Tí Jàmílàt Kò Dúró Dè

"Ẹ máa lọ sílé o! Kò sí ìdánwò lónìí."

Ọ̀gá tó sọ ọ̀rọ̀ yìí kò tíì jáde tán lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì rẹ̀ tí ariwo ti sọ lábẹ́ igi dóńgóyárò. Àwọn tó fẹ́ gba ìwé àṣẹ ìwakọ̀ ló kún ibẹ̀ bámúbámú: tíṣà, oníṣòwò, ọlọ́kẹ̀kẹ́ Nàpẹ́ẹ̀pù, ọmọ iléèwé gíga. Láti àárọ̀ kùtù ni àwọn mìíràn ti jókòó sórí òkúta àti sórí táyà àlòkù. Oòrùn Máídúgùrì kì í wojú ẹnikẹ́ni, ó sì ti ń lé wọn yí ìdí igi náà ká bí òjìji ṣe ń yí.

"Ọkọ̀ tí a fi ń dán yín wò ló bàjẹ́," ọ̀gá náà ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ ní èdè Haúsá. "Sai hakuri. Ẹ ṣáà ṣe sùúrù. Bó bá ti dára, a ó ránṣẹ́ pè yín."

Jàmílàt ọmọ Làtíì fò dìde. Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni, ẹnu rẹ̀ kì í sì í gbé jẹ́ẹ́ bí inú bá ń bí i. Haúsá ló fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà, Yorùbá ló fi parí rẹ̀, nítorí èdè kan ṣoṣo kò gba ìbínú rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn.

"Sùúrù wo? Nígbà tí mo kọ́kọ́ wá, ẹ ní iná kò sí. Mo padà wá, ẹ ní àwọn ọ̀gá lọ sí ìpàdé. Ó wá di ọkọ̀ báyìí! Ṣé ọkọ̀ yẹn náà ò ṣe ìdánwò kí ẹ tó gbà á síṣẹ́ ni?"

Àwọn tó gbọ́ Yorùbá bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀dọ́kùnrin kan tó wọ aṣọ iṣẹ́ àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó rín tirẹ̀ náà. Ọ̀gbẹ́ni Gòkè ni, ọmọ Òṣogbo tí ìjọba gbé wá sí Máídúgùrì, òun sì ni wọ́n fi ṣe olùdánniwò.

"Àbúrò, mo gbọ́ gbogbo rẹ̀ o," ló wí. "Má bínú. Ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, mo máa ń kọ́ àwọn tó ń dúró ní òfin ojú títì lábẹ́ igi yìí. Ọ̀fẹ́ ni. Máa wá, kí ìdúró rẹ má baà já sí òfo."

"Ẹ ṣeun sà. Mo ti mọ̀ ọ́n wà," ni Jàmílàt fi dá a lóhùn. Ó gbọn eruku kúrò lára híjáàbù rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Òun ni wọ́n tún fẹ́ kó wá jókòó bí ọmọ jéléósinmi! Ó kùn dé ibi tó ti wọ kẹ̀kẹ́, ó kùn títí tí kẹ̀kẹ́ fi dé Ngomari.

Kí ló ń lé e tó bẹ́ẹ̀? Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín. Làtíì bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n bí sí Máídúgùrì. Omi inú ọ̀rá ló ń ṣe tà ní Ngomari. Bọ́ọ̀sì funfun kan ni wọ́n fi ń pín in kiri, títí dé Galtimari àti Khaddamari. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, Làtíì fúnra rẹ̀ ló ń wà á. Nígbà tó yá, ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó kù díẹ̀ kó gbá ọmọ kékeré kan tó ń yí táyà kọjá títì. Igbe ìyá ọmọ náà ló jẹ́ kó tẹ bíréèkì. Ọmọ náà kò fara pa. Síbẹ̀, Làtíì sọ̀kalẹ̀, ó ní kí ẹlòmíràn bá òun wa ọkọ̀ délé, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ lé orí tábìlì. "Ojú mi kò gbé e mọ́," ló wí. Láti ọjọ́ náà, kò jókòó sídìí ọkọ̀ mọ́.

Wọ́n wá gba awakọ̀ kan tó ń jẹ́ Bukar. Ìgbà tó bá wu Bukar ló ń wá síṣẹ́. Lónìí ara rẹ̀ kò yá, lọ́la àna rẹ̀ kú, àna kan ṣoṣo yìí sì ti kú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Àwọn oníbàárà ń sá lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Iléèwé ńlá kan ní Galtimari, tó jẹ́ pé òun ló ń ra omi wọn jù, ti kìlọ̀ pé bí omi bá tún pẹ́ kó tó dé, àwọn yóò lọ bá ẹlòmíràn.

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí n máa gbé e," ni Jàmílàt ń bẹ̀ ẹ́ lójoojúmọ́. "Mo mọ̀ ọ́n wà."

"Ọjọ́ tí o bá yege ìdánwò ni kọ́kọ́rọ́ yìí yóò bọ́ sí ọ lọ́wọ́," ni Làtíì máa ń dáhùn. "Bó bá ku wákàtí kan, mi ò ní fún ọ."

Kọ́kọ́rọ́ yẹn ni Jàmílàt ń fi ṣe àlá lóru, òun ló ń rò lọ́sàn-án. Ó ti parí iléèwé girama, ó ń dúró de yunifásítì. Ó ń dúró de ìdánwò awakọ̀. Ó ń dúró de Bukar. Ìdúró ti sú u dé ọ̀fun. Bó bá jókòó tó ń jẹun, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ á máa tẹ kúlọ́ọ̀ṣì tí kò sí níbẹ̀.

"Ìwọ ọmọ yìí, wàá lu ilẹ̀ ilé yìí já kí ìdánwò ọ̀hún tó dé," ni Àgbékẹ́ ìyá rẹ̀ wí lálẹ́ ọjọ́ náà. "Ṣe jẹ́jẹ́. Ọbẹ̀ gbígbóná, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ là á lá a."

"Màámi, ọbẹ̀ yìí ti tutù. Ó tiẹ̀ ti ń kan."

Rasaq, ọmọ ẹ̀gbọ́n Àgbékẹ́, ló kọ́ Jàmílàt ní ọkọ̀ wíwà. Ọlọ́kẹ̀kẹ́ ni Rasaq, ọkọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló sì yá, tí wọ́n ń gbé e lọ sí pápá gbalasa lójú ọ̀nà Khaddamari. Ká má purọ́, Jàmílàt tètè mọ̀ ọ́n. Kò pẹ́ tó fi ń yí sítíárì bí ẹni tí wọ́n bí sínú mọ́tò.

"Tó o bá dé oríta, tó o fẹ́ yà sọ́tùn-ún, tan iná póńtà ọ̀tún," ni Rasaq kọ́ ọ. "Tó o bá fẹ́ yà sósì, tan tòsì. Tó bá wá jẹ́ pé tààrà lò ń lọ ńkọ́?"

"N ò ní tan nǹkan kan?"

"Kai, rárá o! Tan méjèèjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí gbogbo ayé mọ̀ pé o ò yà síbì kankan. Ṣé o ò rí i bí gbogbo awakọ̀ ìlú yìí ṣe ń ṣe ni?"

Òótọ́ ló sọ, gbogbo wọn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bó o bá dúró ní oríta èyíkéyìí ní Máídúgùrì, wàá rí ọkọ̀ tí iná rẹ̀ ń ṣẹ́jú lọ́tùn-ún lósì, tí awakọ̀ rẹ̀ ń kọjá lọ tààrà bí ọba. Jàmílàt kọ́ ọ mọ́ra, kò sì bi ẹlòmíràn léèrè.

Rasaq yìí kan náà ló wá bá a lọ́jọ́ kejì tí wọ́n lé wọn kúrò lábẹ́ igi. Ó bá a tó ń di àwọn ọ̀rá omi sínú àpò, ó ń jù wọ́n lura bí ẹni pé omi ló ṣẹ̀ ẹ́.

"Wọ́n tún ní kí ẹ máa lọ, àbí?"

"Ẹ fi mí sílẹ̀ jàre, Bọ̀ọ̀dá Rasaq."

"Ìyà lásán lò ń jẹ ara rẹ. Ìwọ wò mí dáadáa: ṣé mo ṣe ìdánwò kankan rí? Ọkùnrin kan wà lẹ́yìn ọjà tí wọ́n ń pè ní Mai Takarda, oníwèé nìyẹn. Fún un ní fọ́tò rẹ àti owó díẹ̀. O ò ní dúró lábẹ́ igi, o ò ní fọwọ́ kan sítíárì, ìwé á dé ọwọ́ rẹ. Ìwé ọ̀hún jọ tìjọba bí ìbejì."

Jàmílàt wo ẹ̀yìn, ó wo iwájú. "Bí Bàbá bá mọ̀ ńkọ́?"

"Ta ni yóò sọ fún wọn? Pẹ̀lú ojú wọn yẹn..." Rasaq gé ọ̀rọ̀ náà kù. "Wọn ò kúkú lè kà á."

Ọ̀rọ̀ yẹn gún Jàmílàt nínú. Ó fẹ́ sọ fún Rasaq pé kó má sọ̀rọ̀ sí bàbá òun bẹ́ẹ̀. Ó ti lanu, ló bá rántí iléèwé Galtimari, ó rántí àna Bukar tí kì í kú tán, ó rántí "sai hakuri". Ó pa ẹnu dé. Ṣebí òun mọ ọkọ̀ wà? Ìwé nìkan ló kù. Ṣebí nítorí ilé náà ni? Ẹ wo bí ẹ̀tàn ṣe ń ṣe! Kì í wọlé bí olè. Á kí ọ, á bá ọ kẹ́dùn, á ní òun fẹ́ ràn ọ́ lọ́wọ́ ni.

Nígbà tí ìwé Mai Takarda dé, Jàmílàt sáré wọ ilé lọ bá bàbá rẹ̀.

"Bàbá, mo yege!"

Làtíì dìde, ó ń fi ọwọ́ wá ojú ọ̀nà, títí tó fi kan orí ọmọ rẹ̀. "Àlùhámdùlílàhì! Wọ́n ti wá ṣe é? Kí ni wọ́n ní kó o ṣe? Ṣé wọ́n ní kó o fi ẹ̀yìn rìn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Wọ́n ní kí n fi ẹ̀yìn rìn gba àárín igi méjì."

"O ò sì gbá igi?"

"N ò gbá ìkankan."

Làtíì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó fi kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́, ó sì fi ọwọ́ tirẹ̀ pa ìka ọmọ náà dé lé e lórí. Nígbà tó di ọjọ́ Jímọ́ọ̀, ó ṣe sàráà. Ó ní kí wọ́n kó omi tútù lọ sẹ́nu ọ̀nà mọ́sáláṣí, kí gbogbo ẹni tó bá kírun tán máa mu ún lọ́fẹ̀ẹ́. "Ọmọ mi ló yege," ló ń sọ fún tọmọdé tàgbà, "Jàmílàt mi." Wọ́n ń mu omi, wọ́n ń ṣàdúrà fún un. Jàmílàt dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, kò lè ṣe àmín jáde lẹ́nu. Ojú tì í.

Àmọ́ kò pẹ́ tí ìtìjú ọ̀hún fi lọ. Omi ń dé Galtimari kí agogo iléèwé tó lù. Khaddamari ń rí i gbà. Bàbá rẹ̀ ti ń kọrin nínú ilé. Bí ọjọ́ ṣe ń gorí ọjọ́, Jàmílàt bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó pé kò kúkú sí ohun tí òun ṣe. Ó ti gbàgbé pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó di ẹrù tán. Omi kún inú bọ́ọ̀sì dé òrùlé. Jàmílàt ń kánjú, ó ń fi ìka lu sítíárì. Ó dé oríta kan ní Ngomari tí kò ní iná adarí ọkọ̀, tí kò sì sí ọlọ́pàá kankan níbẹ̀. Tààrà ló ń lọ. Ó tan póńtà méjèèjì bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, kò sì dín eré kù.

Kẹ̀kẹ́ Nàpẹ́ẹ̀pù kan dúró ní ẹnu ọ̀nà tó wà lápá ọ̀tún, ó fẹ́ jáde sí títì. Málàm Modu ló ń wà á, àgbàlagbà Kànúrí kan tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun, tí àwọn òbí fẹ́ràn láti máa fi ọmọ rán lọ síléèwé nítorí pé kì í sáré. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ já àwọn ọmọ sílẹ̀ ni. Ó wo òsì, ó rí bọ́ọ̀sì tó ń bọ̀. Ibi tó wà, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ọkọ̀ nìkan ló kọjú sí i, iná ẹ̀gbẹ́ yẹn nìkan ló sì rí tó ń ṣẹ́jú. Ó ní, ọkọ̀ yìí fẹ́ yà wọ ọ̀nà tí mo wà. Ó tẹ kẹ̀kẹ́, ó jáde.

Jàmílàt rí i. Ó fi gbogbo agbára tẹ bíréèkì. Ọkọ̀ tó ru omi kì í dúró bí ọkọ̀ òfìfo. Ó kígbe, "Baba!" kí gbogbo nǹkan tó pariwo pọ̀ gbàà.

Kẹ̀kẹ́ dojú dé. Àwọn ọ̀rá omi fọ́, omi ń ṣàn lórí iyanrìn. Àwọn ènìyàn ń sáré bọ̀ láti ibi gbogbo, wọ́n ń ké "Innalillahi!" Wọ́n gbé kẹ̀kẹ́ sókè, wọ́n sì rí ẹsẹ̀ Málàm Modu lábẹ́ rẹ̀. Ẹsẹ̀ náà tẹ̀ síbi tí ẹsẹ̀ kì í tẹ̀ sí.

Jàmílàt tẹ̀ lé wọn dé ọsibítù. Kò sí ibi tó dùn ún lára, ìyẹn gan-an ló sì ń dùn ún jù. Wọ́n ti fi igi di ẹsẹ̀ Málàm Modu, wọ́n ń retí dókítà tí yóò ṣe iṣẹ́ abẹ. Ọ̀gbẹ́ni Gòkè wà níbẹ̀, nítorí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló gbé bàbá náà wá. Jàmílàt kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ó ń fi Haúsá bẹ̀bẹ̀.

Bàbá náà kò bú u. Ńṣe ló ń wò ó bí ẹni tí ọ̀rọ̀ kan kò yé.

"Ke kika nuna min za ki juya," ló wí. "Ìwọ lo fi hàn mí pé o fẹ́ yà. Mo dúró, mo wò ọ́, mo gbà ọ́ gbọ́. Kí ló dé tó ò yà?"

"N ò fẹ́ yà, Baba! Póńtà méjèèjì ni mo tàn. Tààrà ni mò ń lọ."

"Ẹyọ kan ni mo rí, ọmọ mi."

Ọ̀gbẹ́ni Gòkè mí kanlẹ̀.

"Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ kò lè rí ẹ̀gbẹ́ kejì," ló wí. "Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ bàjẹ́ sójú títì ló ń tan méjèèjì, kí àwọn tó ń bọ̀ lè mọ̀ pé ó dúró. Ẹni tó ń lọ tààrà kò gbọ́dọ̀ tan nǹkan kan. Ta ló kọ́ ọ ní èyí?"

"Gbogbo ènìyàn ló ń ṣe é, sà."

"Gbogbo ènìyàn! Ohun tí mò ń pariwo lábẹ́ igi ní gbogbo Ọjọ́bọ̀ nìyẹn." Ó tẹjú mọ́ ọn. "Dúró ná. Ṣebí ìwọ lo sọ pé o ti mọ̀ ọ́n wà? A ò tíì dán ẹnikẹ́ni wò láti ọjọ́ yẹn. Ọkọ̀ wa ṣì wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Níbo lo ti wá ṣe ìdánwò?"

Jàmílàt dorí kodò. Nígbà tí Jàmílàt gbójú sókè, ó rí bàbá rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, tí Àgbékẹ́ di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀.

"Jàmílàt," ni Làtíì pè é jẹ́ẹ́. "Igi méjì yẹn ńkọ́? Èyí tó o ní o ò gbá?"

"Kò sí igi, Bàbá."

"Kò sí igi." Ọkùnrin náà mi orí. "Mo fi ọkọ̀ sílẹ̀ nítorí kí n má baà pa ọmọ ọlọ́mọ. Ìwọ tí ojú rẹ ríran kedere! Ṣé nítorí pé èmi ò ríran lo ṣe rò pé irọ́ ló yẹ mí?"

Jàmílàt bú sẹ́kún. Bí bàbá rẹ̀ bá lù ú, ì bá sàn jù. Làtíì kò lù ú. Ó ní kí wọ́n mú òun dé ẹ̀gbẹ́ Málàm Modu, ó wá ọwọ́ rẹ̀ kàn, ó dì í mú, òun pẹ̀lú bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀.

Wàhálà tó tẹ̀ lé e kò ṣeé fẹnu sọ. Àwọn ọlọ́pàá gbé ọkọ̀, wọ́n sì mú Jàmílàt lọ sí àgọ́ wọn. Ọpẹ́lọpẹ́ àwọn àgbà Yorùbá àti baálẹ̀ àdúgbò tó bá a bẹ̀bẹ̀, àti Málàm Modu tó ní òun kò fẹ́ kí wọ́n ba ayé ọmọ náà jẹ́, ni wọ́n fi dá Jàmílàt àti ọkọ̀ náà sílẹ̀. Ní ọsibítù, wọ́n fi irin to egungun ẹsẹ̀ bàbá náà. Ìtọ́jú rẹ̀ àti oúnjẹ ilé rẹ̀ bọ́ sọ́rùn Làtíì. Iléèwé Galtimari lọ bá ẹlòmíràn, wọn ò sì wẹ̀yìn. Mai Takarda kò sí lẹ́yìn ọjà mọ́, Rasaq sì ti pa fóònù rẹ̀, ó gba Ògbómọ̀ṣọ́ lọ láìdágbére fún ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́ Jímọ́ọ̀ tó tẹ̀ lé e ni Jàmílàt kò lè gbàgbé láéláé. Làtíì dìde nínú mọ́sáláṣí lẹ́yìn ìrun. "Ẹ̀yin ará," ló wí, "omi sàráà tí ẹ mu lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ sí, orí irọ́ ni mo gbé e lé. Mi ò mọ̀ ni. Ọmọ mi kò yege, kò tilẹ̀ ṣe ìdánwò. Àdúrà tí ẹ ṣe fún un, ẹ bá mi darí rẹ̀ sọ́dọ̀ Málàm Modu." Jàmílàt wà níta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ń gbọ́ ohùn bàbá rẹ̀ nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Gbogbo àdúgbò ló gbọ́.

Láti ìgbà náà, kò sí Ọjọ́bọ̀ kan tí Jàmílàt pa jẹ lábẹ́ igi Ọ̀gbẹ́ni Gòkè. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì ń jó lábẹ́ àga, ìwà kì í kúrò lára lọ́jọ́ kan, ṣùgbọ́n ó ń jókòó. Wọ́n tún sún ìdánwò síwájú. Ó tún jókòó. Ọyẹ́ dé, ọyẹ́ lọ. Láàárín ìgbà náà, ó ń lọ sílé Málàm Modu, ó ń bá Ya Falmata ìyàwó rẹ̀ fọṣọ, ó ń bá a gbálẹ̀. Obìnrin náà kọ́kọ́ kọ̀, kì í dá a lóhùn, kì í jẹ́ kó fọwọ́ kan nǹkan. Nígbà tó pẹ́, ó na ìgbálẹ̀ sí i.

Ọjọ́ ìdánwò wá dé lóòótọ́. Wọ́n bi Jàmílàt ní ìbéèrè, ó dáhùn. Wọ́n ní kó wa ọkọ̀, ó wà á. Ọ̀gbẹ́ni Gòkè kò ṣe ojúsàájú, ó ní kó tún yíyí ọkọ̀ padà ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i kó tó fọwọ́ sí i pé ó yege. Nígbà tó dé ilé, Làtíì kò hó yè. Ó ní kí wọ́n pe Ọ̀gbẹ́ni Gòkè sórí fóònù fún òun.

"Kì í ṣe pé n ò gbà ọ́ gbọ́," ló wí fún ọmọ rẹ̀. Ó ronú díẹ̀. "Rárá o, n ò gbà ọ́ gbọ́ ni."

Nígbà tó gbọ́ ti Gòkè tán, ó fa kọ́kọ́rọ́ yọ lápò, ó nà án sí i. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sí sàráà.

Ibi tí Jàmílàt kọ́kọ́ gbé ọkọ̀ lọ ni ilé Málàm Modu. Ó mọ̀ pé ọjọ́ tí bàbá náà máa ń lọ fi ẹsẹ̀ han dókítà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni, ó sì mọ̀ pé kẹ̀kẹ́ èrò ló ń wọ̀, tí gbogbo kòtò ojú ọ̀nà ń dùn ún dé egungun. Inú rẹ̀ ń dùn. Málàm Modu jáde pẹ̀lú ọ̀pá.

"Baba, mo yege. Òótọ́ ni lọ́tẹ̀ yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n gbé yín dé ọsibítù."

"Madalla!" Ojú bàbá náà tàn. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó ṣàdúrà gígùn fún un. Lẹ́yìn náà, ó rìn lọ sídìí ọkọ̀, ó fọwọ́ kan ilẹ̀kùn. Ó fa ọwọ́ náà yọ bí ẹni tí iná jó.

"Ọmọ mi, mo ti dárí jì ọ́ tipẹ́. Olúwa gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Ṣùgbọ́n ara mi kò tíì gbà. O yege lọ́dọ̀ ọ̀gá yẹn. Lọ́dọ̀ tèmi, ó ṣì kù."

"Ìgbà wo ni, Baba?"

"Mi ò mọ̀."

Ya Falmata dá kẹ̀kẹ́ kan dúró. Wọ́n ràn án lọ́wọ́, ó wọlé, ó fajú ro bí ẹsẹ̀ ṣe dùn ún, wọ́n sì lọ. Jàmílàt dúró ti ọkọ̀ rẹ̀. Tó bá jẹ́ tẹ́lẹ̀ ni, ì bá ti pariwo, ì bá ti ní ta ni yóò máa dúró títí láé. Lónìí, ó ń wo ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ náà títí tó fi wọ kọ́nà. Kò sí Mai Takarda tó lè bá a ra èyí.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ fi etí sí i. Ojú títì kì í ṣe ti ẹnì kan. Ẹni tí a kò mọ̀ ló ń wo iná ọkọ̀ wa, tó gbà á gbọ́, tó sì fi ẹ̀mí rẹ̀ lé e. Ohun tí gbogbo ènìyàn ń ṣe lè jẹ́ àṣìṣe gbogbo ènìyàn. Ìdánwò tó pẹ́ ń bí ni nínú lóòótọ́, ó sì yẹ kí àwọn tó ń ṣe é tètè máa ṣe é. Síbẹ̀, ẹni tó bá fò ó kọjá, ara ẹlòmíràn ló ń lọ ṣe ìdánwò náà lé lórí. Ìwé àṣẹ ìwakọ̀, wọ́n ń fúnni ní ọ́fíìsì. Ìgbẹ́kẹ̀lé tó bá ti bọ́ lọ́wọ́ ẹni, kò sí ọ́fíìsì tó ń tún un ṣe.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Jàmílàt tún gbé ọkọ̀ lọ síwájú ilé Málàm Modu. Bàbá náà kí i, ó súre fún un, ó sì tún wọ kẹ̀kẹ́. Lọ́sẹ̀ kejì, Jàmílàt tún wá. Ó pa ọkọ̀, ó ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀, ó jókòó, ó sì ń dúró.